Wọ́n Tẹ̀lé E Yanṣẹ́ Lódì: Ìtàn Michael Imoudu, Láti Ẹ́bútẹ́ Mẹ́tà Dé Ìkẹjà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ní Ọba Akran, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ọkọ̀ ojú irin láti Agége, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ tí oorun ń kùn yín, mo kí gbogbo yín. Ètò ìtàn wa la tún gbé dé.

Ní oṣù July 2024 tí ìjọba fọwọ́ sí ₦70,000 gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tó kéré jù lọ, àwọn ọ̀rẹ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ jà tán lórí WhatsApp. Ẹnì kan ní, "Kí ló fẹ́ rà?" Ẹlòmíì ní, "Ó sàn ju ₦30,000 lọ." Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà wá kọ ọ̀rọ̀ tiẹ̀. Ó ní, "Èmi tí mo jẹ́ kásúà láti ọdún mẹ́rin, ṣé ó kàn mí?" Gbogbo ojú ewé dákẹ́. Kò sẹ́ni tó mọ èsì.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi dé ìdí ìtàn tòní. Mo fẹ́ mọ ibi tí òṣìṣẹ́ Nàìjíríà ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń béèrè fún owó tó tọ́ sí wọn. Gbogbo ìwé tí mo ṣí, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń pè: Michael Athokhamien Ominus Imoudu, ẹni tí wọ́n ń pè ní Labour Leader Number One. Kì í ṣe lọ́yà, kò lọ yunifásítì kankan. Inú wọ́kṣọ́ọ̀bù rélùwéè ló ti jáde wá.

Ọmọ Ora tó dé Èkó

Ní 1902 ni wọ́n bí Imoudu ní ìlú Ora, ní ìpínlẹ̀ Edo òde òní. Ó parí ìwé kékeré, ó sì wọ Èkó nígbà tí àwọn ọdún 1920 ń lọ sópin. Bí ọmọ púpọ̀ ṣe ń wá Èkó lónìí náà ló ṣe wá: kò sí ọlọ́lá tó ń dúró dè é, apá rẹ̀ ló gbẹ́kẹ̀ lé.

Ilé iṣẹ́ tó tóbi jù nígbà náà ni rélùwéè. Òyìnbó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin láti Iddó ní 1896, irin náà gba Ìkẹjà àti Agége kọjá, ó sì wọ Ìbàdàn ní 1901. Ẹ́bútẹ́ Mẹ́tà ni wọ́n ti ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Ibẹ̀ ni Imoudu ti bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi lébìrà, kó tó wá kọ́ṣẹ́ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ rẹ́ irin sí ìrísí tí wọ́n bá fẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, iṣẹ́ òógùn ni.

Nígbà tí ọrọ̀ ajé ayé dẹnu kọlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, àwọn ọ̀gá rélùwéè yí bí wọ́n ṣe ń sanwó padà. Wákàtí tí èèyàn bá fi ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń ka owó fún un. Bí iṣẹ́ bá dín, owó dín; kò sí ohun tó dá òṣìṣẹ́ lójú tí oṣù bá parí. Ẹ ṣàkíyèsí o: ohun tí à ń pè ní kásúà lónìí, àbúrò rẹ̀ kọ́.

Àwọn akọ̀wé inú ọ́fíìsì ní ẹgbẹ́ tiwọn, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà kò gbọ́ igbe àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ. Ni àwọn ọmọ wọ́kṣọ́ọ̀bù bá dá tiwọn sílẹ̀, Railway Workers' Union. Imoudu wà níbẹ̀, nígbà tó sì yá, ó di ààrẹ wọn. Nígbà tí òfin gbà kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ forúkọ sílẹ̀, wọ́n forúkọ tiwọn sílẹ̀ ní 1940. Láti ìgbà náà lọ, ọ̀gá kò lè sọ mọ́ pé òun ò mọ̀ wọ́n rí.

Ìrìn àjò dé ọ̀dọ̀ gómìnà

Ogun àgbáyé kejì bẹ̀rẹ̀, ọjà sì gbówó lórí. Gaàrí wọ́n, aṣọ wọ́n, iyọ̀ wọ́n. Owó iṣẹ́ wà níbi tó wà. Ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè fún owó àjẹmọ́nú tí wọn yóò fi kojú ọ̀wọ́ngógó. Àwọn ọ̀gá ń fi ọ̀rọ̀ falẹ̀.

Ní ọjọ́ 30 oṣù September 1941, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ tò jáde láti Ẹ́bútẹ́ Mẹ́tà, Imoudu ni ó ṣáájú. Ẹ fojú inú wò ó. Third Mainland kò tíì sí, Eko Bridge kò tíì sí. Carter Bridge nìkan ló wà. Wọ́n fẹsẹ̀ rìn, nínú aṣọ iṣẹ́ tó dọ̀tí fún epo, wọ́n sọdá sí Erékùṣù Èkó, wọ́n sì gba ọ̀nà ilé gómìnà lọ ní Marina.

Sir Bernard Bourdillon ni gómìnà ìgbà náà. Ó pàdé wọn, ó gbọ́ ẹjọ́ wọn, ó sì ṣe ìlérí fún wọn. Nígbà tó di 1942, owó àjẹmọ́nú ọ̀wọ́ngógó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè nìkan kọ́ ló jẹ nínú rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba yòókù náà jẹ ẹ́. Ohun tí ọjọ́ yẹn kọ́ àwọn ará Èkó ni pé lébìrà lè bá gómìnà sọ̀rọ̀ lójúkojú, kí ó sì gbọ́.

Àmọ́ ìjọba amúnisìn kì í gbàgbé. Ní January 1943, wọ́n lé Imoudu kúrò lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì fi òfin ogun mú un. Wọ́n kọ́kọ́ fi í sẹ́wọ̀n ní Benin, wọ́n wá gbé e lọ sí Auchi, níbi tí kò ti gbọ́dọ̀ jáde. Ó lé ní ọdún méjì tó fi wà bẹ́ẹ̀. Kò jalè, kò pààyàn. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé òṣìṣẹ́ ń tẹ̀lé e.

Ọjọ́ mẹ́rìnlélógójì

Ìgbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1945, tó padà sí Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ June, èrò tó jáde wá pàdé rẹ̀ kò kéré. Àsìkò tó dé gan-an ni nǹkan fẹ́ bú gbàmù. Ọ̀wọ́ngógó ti jẹ owó àjẹmọ́nú ti 1942 tán. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ń béèrè pé kí wọ́n fi ìdajì lé e, kí lébìrà tó gba owó tó kéré jù sì máa gba ṣílè méjì àti sísì lójúmọ́. Wọ́n fún ìjọba di òru ọjọ́ 21 June.

Bí ọjọ́ náà ti ń súnmọ́, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í ba àwọn kan lára àwọn aṣáájú. Wọ́n ní kí wọ́n sún un síwájú díẹ̀. Imoudu àti àwọn ọmọ wọ́kṣọ́ọ̀bù kò gbà. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ 22 June 1945 mọ́, ọkọ̀ ojú irin kò lọ, tẹlifóònù àti tẹligíráàmù dákẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba jókòó sílé. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ mẹ́tàdínlógún ló pawọ́ pọ̀. Ọjọ́ mẹ́rìnlélógójì ni wọ́n lò.

Ìjọba ti ìwé ìròyìn Azikiwe méjì pa, West African Pilot àti Daily Comet, nítorí pé wọ́n gbè sẹ́yìn àwọn òṣìṣẹ́. Ìyẹn náà kò mú kí wọ́n padà.

Ibì kan wà nínú ìtàn yìí tí àwọn èèyàn máa ń fò. Ta ló ń bọ́ wọn fún ọjọ́ mẹ́rìnlélógójì tí kò sí owó iṣẹ́? Àwọn ìyàwó wọn ni. Ìyá tó ń ta ata, èyí tó ń ta aṣọ òkèèrè, èyí tó ń dín àkàrà nídìí irin. Òpìtàn ará Amẹ́ríkà kan, Lisa Lindsay, tọ́ka sí ohun tó yani lẹ́nu níbẹ̀: ohun tí àwọn ọkùnrin ń sọ fún ìjọba ni pé kí wọ́n fi kún owó àwọn nítorí àwọn làwọn ń bọ́ aya àti ọmọ, bẹ́ẹ̀ àwọn aya náà ló ń bọ́ ilé kí ìyanṣẹ́lódì má bàa dànù. Torí náà, bí ẹ bá rí àwòrán Imoudu níbi kan, ẹ rántí pé ìyá kan wà lẹ́yìn olúkúlùkù àwọn tó tẹ̀lé e, tí kò sí nínú àwòrán.

Ọ̀rọ̀ náà dé orí ìtàgé. Hubert Ogunde, tó ti ṣe ọlọ́pàá rí, gbé eré kan jáde tó pè ní Strike and Hunger. Ìjọba fòfin dè é ní Jos. Ẹ ò rí i pé bí eré bá sọ òótọ́, àwọn aláṣẹ ló máa kọ́kọ́ mọ̀.

Òpin rẹ̀ ni pé ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan dìde lábẹ́ W. Tudor Davies. Ìgbìmọ̀ náà ní kí wọ́n fi ìdajì kún owó àjẹmọ́nú, gẹ́lẹ́ bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe béèrè.

Nígbà tó kan ti òṣèlú

Lẹ́yìn èyí, gbogbo olóṣèlú ló fẹ́ kí Imoudu jókòó ti òun. Ní 1946, ó wà lára ikọ̀ NCNC tó rin gbogbo Nàìjíríà kiri láti tako òfin Richards, pẹ̀lú Herbert Macaulay àti Nnamdi Azikiwe. Ìrìn àjò yẹn ni Macaulay ti ṣàìsàn, tó sì kú ní May ọdún náà. Àwọn ará ìlú tó máa ń gbọ́ gẹ̀ẹ́sì àwọn ọ̀mọ̀wé wá rí ọkùnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mọ bí ìdọ̀tí epo ṣe ń rùn.

Ní ọjọ́ 18 November 1949, ọlọ́pàá yìnbọn lu àwọn awakùsà èédú ní Iva Valley, Enugu, èèyàn mọ́kànlélógún ló kú. Ìbínú òṣìṣẹ́ àti ìbínú àwọn tó ń jà fún òmìnira di ọ̀kan. Bí wọ́n bá ti mú ìṣọ̀kan yẹn dání, bóyá ìtàn wa ì bá yàtọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tún pín. Wọ́n dá àpapọ̀ ẹgbẹ́ sílẹ̀, ó fọ́. Wọ́n tún dá òmíràn sílẹ̀, ó tún fọ́. Lára ohun tó fà á ni ogun tútù tó wà láàárín Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà. Apá kan ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ayé wà lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó ìwọ̀ oòrùn, apá kejì wà lọ́dọ̀ àwọn Kọ́múníìsì, tọ̀tún tòsì sì ń wá ọ̀rẹ́ ní Nàìjíríà. Imoudu kọ̀ láti bá ti ìwọ̀ oòrùn lọ. Ní 1960, ó gbéra, ó lọ sí Mọ́sìkò àti Ṣáínà, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan sì fi ìyẹn gbógun tì í.

Síbẹ̀, nígbà tí owó kò tó gbọ́ bùkátà mọ́, wọ́n gbàgbé ìjà. Ní 1964, Imoudu, Wahab Goodluck àti Alhaji H. P. Adébọ́lá, tí wọn kì í rí ara wọn sójú, jọ jókòó sínú ìgbìmọ̀ kan náà. Ìgbìmọ̀ Morgan ti ní kí owó oṣù tó kéré jù ní Èkó jẹ́ £12. Ìjọba Balewa fẹ́ san ohun tó kéré jìnnà sí i. Láti ọjọ́ 1 títí di ọjọ́ 13 June 1964, Nàìjíríà dá gúlẹ́. Ìjọba halẹ̀ pé ẹni tí kò bá padà, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn kò padà. Nígbẹ̀yìn, £10 ni wọ́n fi parí ẹ̀.

Ọdún yẹn kan náà ni Imoudu àti àwọn kan dá Nigerian Labour Party sílẹ̀. Èrò wọn ni pé bí gbogbo òṣìṣẹ́ tó yanṣẹ́ lódì ní June bá dìbò fún ẹgbẹ́ tiwọn ní December, ìjọba á di ti òṣìṣẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Hausa padà sọ́dọ̀ Hausa, Igbo sọ́dọ̀ Igbo, Yorùbá sọ́dọ̀ Yorùbá. Ẹni tó fi ọwọ́ kọ́ ọwọ́ ẹnìkejì rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ní June, tó bá di ọjọ́ ìdìbò, ìlú bàbá rẹ̀ ló ń rántí.

Mo ti ronú lórí ibí yìí gan-an. Àwọn kan á ní òṣìṣẹ́ kò gbọ́n. Èmi ò gbà. Ní ilé iṣẹ́, ọ̀gá kan náà ló ń jẹ gbogbo yín níyà, ẹ jọ rí i. Ní ìdìbò, ẹni tó máa bá ọmọ rẹ wá sikọ́láṣíìpù, ẹni tó máa mú ọ̀nà dé abúlé rẹ, lò ń wá. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kò ní irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ní abúlé. Ìyẹn ni àlàfo tí Imoudu kò rí dí.

Ìkẹjà, January 1971

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ló ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ ní Ìkẹjà fún àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, nítorí pé abẹ́ Ìwọ̀ Oòrùn ni Ìkẹjà àti Agége wà kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Dunlop ń ṣe táyà níbẹ̀, Guinness ń pọn ọtí, Nigerian Textile Mills ń hun aṣọ. Ìkẹjà ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ wọn sì ń sùn ní Agége, nínú àwọn ilé face-me-I-face-you.

Nígbà tí ogun abẹ́lé parí, ìjọba Gowon ní kí Olóyè Simeon Adebo yẹ owó iṣẹ́ wò. Ní ìparí 1970, wọ́n kéde owó àjẹmọ́nú tó máa bẹ̀rẹ̀ láti April ọdún náà. Òṣìṣẹ́ ìjọba gba tiwọn. Àwọn kọ́ńpìnnì aládàáni wá sọ pé àwọn ti fi kún owó láti 1964, pé kò kan àwọn. Ìjọba kọ́kọ́ gbè wọ́n lẹ́yìn.

Ẹ má gbàgbé pé òfin ológun ti 1969 ti sọ ìyanṣẹ́lódì di ẹ̀ṣẹ̀. Síbẹ̀, ní January 1971, ilé iṣẹ́ kan dá iṣẹ́ dúró, èkejì tẹ̀ lé e, ó ràn kálẹ̀ ní Ìkẹjà àti Mushin bí iná ọyẹ́. Kì í ṣe Imoudu ló pè wọ́n jáde, kì í ṣe olórí ẹgbẹ́ kankan láti Erékùṣù Èkó. Àwọn fúnra wọn ni, níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ìjọba yí ohùn padà, àwọn kọ́ńpìnnì sì sanwó.

Onímọ̀ kan láti òkèèrè, Adrian Peace, tó ṣe ìwádìí láàárín wọn ní Agége nígbà náà, kọ ọ́ pé àwọn alágbàṣe nìkan kọ́ ló ń yọ̀. Olóúnjẹ ń yọ̀, télọ̀ ń yọ̀, onílé ń yọ̀, nítorí pé bí owó bá wọ àpò òṣìṣẹ́ Ìkẹjà, ọjà Agége ló máa ná an. Ẹni tó ń jà fún owó oṣù ara rẹ̀ ń jà fún oníṣòwò àdúgbò rẹ̀ pẹ̀lú. Mo rò pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ Imoudu ti so èso jù: àwọn èèyàn tí ọ̀pọ̀ wọn kò rí i rí ṣe ohun tó ṣe ní 1941, láìdúró de ẹnikẹ́ni.

Ìparí ìrìn bàbá náà

Ní 1977, ìjọba ológun fòfin de Imoudu, Wahab Goodluck àti àwọn mìíràn pé wọn kò gbọ́dọ̀ bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ṣe mọ́ títí ayé. Ó ti tó ẹni ọdún 75. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n dá NLC tòní sílẹ̀, Hassan Sunmonu sì di ààrẹ àkọ́kọ́.

Bàbá kò jókòó sílé. Ó wọ PRP pẹ̀lú Mallam Aminu Kano. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà pín sí méjì, òun ló ṣe olórí apá tí Balarabe Musa àti Abubakar Rimi, gómìnà Kaduna àti Kano, wà. Ọmọ Ora ń ṣe olórí fún àwọn gómìnà Àríwá. Ó kú ní 2005, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ilé ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ tó wà ní Ìlọrin ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí n wá dáhùn ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ kásúà. Ó pẹ́ kí n tó dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ohun tí mo fi ránṣẹ́ sí i nìyí. Abala 40 nínú òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 ní ẹnikẹ́ni lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó bá wù ú láti fi dáàbò bo ara rẹ̀. Kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé àyàfi kásúà. Mo ní kí ó béèrè lẹ́tà iṣẹ́, kí ó tọ́jú ẹ̀rí gbogbo owó tí wọ́n ń san fún un, kí ó sì wá ẹni márùn-ún tí wọ́n jọ wà nínú irú ipò kan náà. Mo ní kí ó má dá nìkan lọ bá ọ̀gá, torí igi kan kì í dágbó ṣe.

Ó fèsì pé ẹ̀rù ń ba òun, pé àwọn tó ń wá iṣẹ́ òun pọ̀ lẹ́nu géètì. Òótọ́ ló sọ. Àwọn tó wà ní wọ́kṣọ́ọ̀bù Ẹ́bútẹ́ Mẹ́tà náà ní àwọn tó ń wá iṣẹ́ wọn lẹ́nu géètì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sọ fún mi pé àwọn ti di mẹ́ta.

Ẹ bá mi fi ètò yìí ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà. Bí bàbá yín tàbí ìyá yín bá ṣiṣẹ́ rí ní Dunlop, ní textile tàbí ní rélùwéè, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí ojú wọn rí, kí ẹ gba ohùn wọn sórí fóònù kí ó tó pẹ́ jù. Ó dìgbà kan ná.